Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Síwájú Ọ̀rọ̀ Náà

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ mi lọ́rùn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Bó ṣe kà á gan-an nìyẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò sì yọ ọ̀kan kúrò, nítorí mo ti fojú ara mi rí ohun tí irú ìyẹn lè ṣe fún ọmọ ènìyàn.

Yàrá kẹta sí tèmi ni Bọ̀dé wà. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún òun náà, ó sì ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n Bọ̀dé kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì ránni pànìyàn. Bébà kan tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ló gbé e dé ibi tó wà. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀, bébà yẹn ni yóò pa á. Lọ́yà mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní tí mo bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí èmi yè. Mo ti rò ó títí, ó ti sú mi. Pásítọ̀ tó ń wá gbàdúrà fún wa fún mi ní ìwé àti bírò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi nìkan ni Màámi bí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí gbogbo ará àdúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀ ni kò fi í sọ́kàn. Ọ̀rẹ́ Màámi ni ìyá tó bí Bọ̀dé. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti jọ ń ránṣọ. Nígbà tí obìnrin náà kú, Màámi gba ọmọ rẹ̀ tọ́. Èmi wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà n'Íjẹ̀bú-Igbó nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí Màámi gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún, Bọ̀dé ló mú lọ́wọ́ wọlé, Ìyá Bọ̀dé sì ni àwọn ayálégbé ń pè é.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n mú mi dé. Ìyá kan tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè.

“Ìyá Bọ̀dé, ọmọ ta nìyí?”

“Ọmọ mi ni.”

“Hẹn-ẹn, àbúrò Bọ̀dé nìyẹn. Káàbọ̀, àbúrò Bọ̀dé.”

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ju Bọ̀dé lọ. Nígbà tí a wọlé tán, mo ní, “Màámi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa fi orúkọ mi pè yín.” Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Orúkọ lásán nìyẹn jẹ́. Ṣé òun la fẹ́ jẹ sùn ni?” Ó sọ ọ́, ó gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Kì í ṣe pé Bọ̀dé ṣe mí níbi o. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ọmọ burúkú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mọ́ ọn lára. Ẹran tó bá wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, á gé e sí méjì, á sọ ìdajì sínú àwo mi. Màámi á rí i, á ní, “Ọmọ dáadáa.” Èmi náà gé ẹran mi fún un lọ́jọ́ kan, Màámi ò rí i. Mo bínú títí mo fi gba ẹran náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Màámi rí mi.

Nígbà tí ohùn wa yí padà sí ti ọkùnrin, ọ̀kan náà ló dà. Mi ò mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé ohùn Màámi làwa méjèèjì ń gbọ́ dàgbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá akọrin kò lè sọ èwo nínú wa ló ń ṣi orin kọ. Bí a bá wà lẹ́yìn ògiri, kò sẹ́ni tó lè yà wá sọ́tọ̀, àfi Màámi. Á wà lẹ́yìnkùlé, á pe Bọ̀dé, èmi á dá a lóhùn láti inú yàrá láti fi tàn án. “Ìwọ kọ́,” ni yóò sọ, “Bọ̀dé ni mo pè.” Kò ṣì wá pè rí.

Mo kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé ní Bọ́ńdírì, l'Ájégúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì ríṣẹ́ atẹ̀wé ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn gbẹ́rù jáde ní èbúté, ní Wharf Road. Èmi ni mo mú Bọ̀dé wọ ibẹ̀. Èmi ni mo bẹ Ọ̀gá pé kó fi í ṣe ìránṣẹ́. Láàárín ọdún márùn-ún, ọmọ tó ń pín lẹ́tà ti lọ kàwé ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣe ìdánwò, ó ti di alábòójútó ilé ẹrù. Ó ní tábìlì, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní tẹlifóònù tirẹ̀. Èmi ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, mò ń tẹ lẹ́tà tí Bọ̀dé yóò buwọ́ lù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e ga, Màámi kúnlẹ̀ sáàárín yàrá, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí èmi ríṣẹ́, ó ní, “Ọlọ́run ṣeun,” ó sì bi mí bóyá mo rántí ra iyọ̀ bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín sí i títí di òní.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kéré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ̀dé lọ jẹun, tẹlifóònù rẹ̀ ń dún. Mo gbé e. Obìnrin oníbàárà wa kan ni.

“Bọ̀dé, ẹrù mi ńkọ́?”

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti sọ ni pé Bọ̀dé kò sí nítòsí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Màdáámù, ẹ má yọ mí lẹ́nu. Ṣé ẹrù tiyín nìkan ló wà nílé ayé ni?”

Obìnrin náà fẹjọ́ sun Ọ̀gá. Bọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò sọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tún ṣe é nígbà kejì àti ìkẹta. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kàn mi orí ni. Ó ní, “Bọ̀dé tí mo mọ̀ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àárẹ̀ ló mú un. Ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ méjì.” Mo fẹ́ ba ọmọ náà lórúkọ jẹ́, ìsinmi ni mo gbà fún un.

Awakọ̀ lọ́rì kan wà tí a jọ máa ń mutí, Ràṣídì. Òun ló sọ pé bí ènìyàn bá lè rí géètì ilé ẹrù yẹn ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àdúgbò bá dákẹ́, nǹkan á ṣe. Mo ní mo mọ ohun tó lè ṣí i. Ó bi mí pé kí ni mo máa gbà níbẹ̀. Mo ní mi ò gba nǹkan kan. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ kò sí nínú ilé ẹrù. Mo fẹ́ kí wọ́n lé Bọ̀dé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó gbé àpótí rẹ̀ wálé, kí Màámi rí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ara Bọ̀dé gbóná, ó sùn sílé. Màámi lọ sí ìpàdé àwọn ìyá. Mo lọ sí ọ́fíìsì, mo gun òkè, mo pe àgọ́ ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì ilé ẹrù. Bàbá Sálíù ló gbé e, bàbá ará Ọ̀fà kan tó ti ń ṣọ́ ibẹ̀ kí èmi tó débẹ̀.

“Bàbá, Bọ̀dé nìyí. Lọ́rì kan ń bọ̀ wá kẹ́rù. Ọ̀gá ló rán wọn, ẹ ṣí géètì fún wọn.”

“Lọ́jọ́ Àìkú, Bọ̀dé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ má bínú.”

“Kò burú. Bá mi kí ìyá rẹ.”

Mo ní wọ́n á gbọ́, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kẹ́rù tán, bàbá ní kí wọ́n buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó jáde. Ràṣídì la irin jáàkì mọ́ ọn lórí. Bàbá kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ọlọ́pàá ní ọsibítù kó tó dákẹ́. Ó ní, “Bọ̀dé ló pè mí, Bọ̀dé ló ní kí n ṣí i.” Bàbá kò purọ́, ohun tó gbọ́ ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo gbọ́ pé bàbá ti kú, mo lọ bì ní ilé ìgbẹ́ ọ́fíìsì. Nígbà tí mo gbọ́ pé Bọ̀dé ni wọ́n mú, ara mi balẹ̀. Ohun méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan, inú ara kan náà ni.

Ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò rí nǹkan mìíràn dì mú ju ọ̀rọ̀ òkú lọ. Wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n ní kó máa wá fojú hàn. Ọ̀gá ní kó dúró sílé ná. Lẹ́yìn náà ni Ìńsípẹ́kítọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ pè mí. Kì í ṣe Yorùbá.

“You be him brother?”

“Yes sà.”

“E go talk true for your front?”

Ó fa kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ jáde láti inú dúrọ́ọ̀, kò tóbi ju ìwé orin lọ. Ó ní kí n gbé e sínú báàgì, kí n lọ bá Bọ̀dé tàkúrọ̀sọ, kí n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Mo gbà kíá. Ẹ̀rù ló ń bà mí: bí wọ́n bá mọ̀ pé kì í ṣe Bọ̀dé ló pe bàbá, ẹni tó ní ohùn Bọ̀dé ni wọ́n máa wá kàn.

Marine Beach ni Bọ̀dé máa ń lọ jókòó sí láti ìgbà tí kò ti níṣẹ́, lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo ra búrẹ́dì lọ́nà. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú báàgì kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

“Bọ̀dé, sọ fún mi. Ìwọ lo pè é?”

“Mi ò pè é. Ìwọ náà ń bi mí?”

“Ta ló wá pè é?”

“Mo ti ń rò ó lọ́kàn. Ẹnì kan ló sín mi jẹ. Ẹni náà mọ̀ mí dáadáa.”

Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Mo ti ọwọ́ bọ báàgì, mo pa kásẹ́ẹ̀tì náà. Ibẹ̀ ni èṣù ti fún mi ní ọgbọ́n. Rárá, ẹ jẹ́ kí n fi èṣù sílẹ̀, èmi ni mo ro ó.

Mo ní, “Wọ́n tún máa pè ọ́, o sì máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá jágbe mọ́ ọ. Jẹ́ ká ṣe é wò. Ìwọ ṣe ọlọ́pàá, èmi á ṣe ìwọ. Bi mí bí wọ́n ṣe bi ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbà. Mo tún tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó lejú koko bí ọlọ́pàá.

“Ṣé ìwọ lo pe Bàbá Sálíù?”

“Èmi ni mo pè é.”

“Aago mélòó?”

“Aago mẹ́ta. Mo ní lọ́rì kan ń bọ̀, kó ṣí géètì.”

Ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń bá eré náà lọ. “Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ kọ́ ni mo sọ. Mo ní, “Ó ti sú mi. Láti kékeré ni wọ́n ti fi mí ṣe ẹni kejì nínú ilé tí mo yẹ kí n jẹ́ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ojú ti ẹnì kan, kí n rí i.”

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ jù lọ tí mo sọ láyé mi nìyẹn. Mo pa kásẹ́ẹ̀tì náà. Bọ̀dé ní, “Kí ló dé tó o dáhùn pé èmi ni?” Mo ní, “Kó o lè gbọ́ bó ṣe ń rí létí, kó o má lọ ṣèèṣì jẹ́wọ́.” Ó mi orí. Ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó sì na èyí tó tóbi sí mi.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, atẹ̀wé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ìńsípẹ́kítọ̀ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì kún etí rẹ̀, ó pa á.

“You sabi type?”

“Yes sà.”

“Na you dey there, na you sabi who talk wetin. Type am. Yoruba one side, English one side.”

Ẹ̀yin amòfin tí ẹ lè ka ìwé yìí, ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ ṣubú. Ẹlẹ́rìí tó gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ ni wọ́n fún láti tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo jókòó, mo fi kábọ̀n méjì sáàárín bébà mẹ́ta kó lè ní ẹ̀dà. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn: bí ẹ bá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ á bára mu. Orúkọ nìkan ni mo pààrọ̀. Níbi tí Bọ̀dé ti bèèrè, mo tẹ orúkọ mi síwájú rẹ̀. Níbi tí mo ti dáhùn, mo tẹ orúkọ Bọ̀dé. Ibi tí mo ti pa kásẹ́ẹ̀tì tí mo sì tún un tẹ̀, ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tẹ ìyẹn. Ibi tí Bọ̀dé ti kọ́kọ́ ní òun ò pè é, kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, mo ní afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn. Ìńsípẹ́kítọ̀ buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ ti bà á, kò jẹ́ tèmi mọ́, ó ti di ti ìjọba.

Ní kóòtù, Bọ̀dé sọ òtítọ́. Ó ní eré ni àwọn ń ṣe, òun ló ṣe ọlọ́pàá, ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe òun. Lọ́yà ìjọba bi í pé irú ènìyàn wo ló ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn ṣeré. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ni Bọ̀dé pè mí lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ ní gbangba nìyẹn.

Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ̀ bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Adájọ́ gbé bébà mi, lọ́yà gbé bébà mi, gbogbo wọn tẹ orí ba, wọ́n ń kà á bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ. Mo wá rí ohun kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ti ń wo orúkọ lórí bébà, ohùn ẹni tó ni orúkọ yẹn ni etí rẹ̀ máa gbọ́. Èmi tí mo mọ òtítọ́ gan-an, nígbà tí mo wo bébà, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé Bọ̀dé ló ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni lọ́yà Bọ̀dé dìde. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tó lè ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì wà nínú kóòtù. Ó pe Màámi.

Ojoojúmọ́ ni Màámi ń wá sí kóòtù, ó ń gbé oúnjẹ wá fún Bọ̀dé. Ó bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó di Bíbélì mú, ó búra. Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi.

“Mọ́mì, ta ni ẹ jẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yìí?”

“Mo tọ́ ọ.”

“Ẹlẹ́rìí tó gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ ńkọ́?”

“Èmi ni mo bí i.” Ó sì dárúkọ mi, ó ní, “Èmi ni ìyá rẹ̀.”

Wọ́n tún gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. Màámi dijú. Nígbà tó kan ibi tí mo ti ní “Ó ti sú mi,” mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ di igi àpótí náà mú. Ó lajú. Kò wo Bọ̀dé. Èmi ló wò, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

“Mọ́mì, ohùn ta lẹ gbọ́ tó ní òun pe ọlọ́dẹ?”

Fáànù òkè ń yí. Adájọ́ ní kó dáhùn.

“Ohùn Bọ̀dé ni.”

Bọ̀dé ní, “Màámi,” jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jí i lójú oorun. Adájọ́ ní kó panu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó burú jù níbi tí mo ti ń jẹ́wọ́. Mo yọ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí kí Màámi yàn mí, ó sì yàn mí, lójú gbogbo ayé, lórí ẹ̀mí Bọ̀dé. Mo jókòó síbẹ̀, ara mi yá gágá.

Nígbà tí a dé ìta kóòtù, mo lọ dì mọ́ ọn. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?”

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nínú yàrá kan náà.

Wọ́n dájọ́ ikú fún Bọ̀dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọwọ́ tẹ Ràṣídì lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì dárúkọ mi. Ẹní da eérú leérú ń tọ̀. Mo rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa tú Bọ̀dé sílẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwa méjèèjì la jọ gbìmọ̀, òun pe ọlọ́dẹ, èmi mú lọ́rì wá. Bébà náà kò yẹ̀. Èmi náà kò yẹ̀ ẹ́. Mo dúró níwájú adájọ́, mo ní mi ò pe ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ohùn Bọ̀dé ni. Wọ́n dájọ́ ikú fún èmi náà, lọ́yà mi sì gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn: pé kì í ṣe èmi ni mo pe bàbá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé ibí, mo gbọ́ ohùn kan láti yàrá kẹta. “Ṣé wọ́n ti fún ọ lóúnjẹ?” Bọ̀dé ni. Ó bí mi nínú. Mo fẹ́ kó bú mi. Àwọn wọ́dà fẹ́ràn rẹ̀, òun ló ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sílé. Bí Màámi bá wá, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Ó mọ̀ pé Màámi purọ́ mọ́ òun, ó sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Bí okùn ṣe ń dúró dè mí yìí, mo ṣì ń jowú rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀wọ̀n ti wò mí sàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni Màámi ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó ti gbó. Ó di irin mú.

“Lọ́yà Bọ̀dé tún wá bá mi. Ó ní kí n wá búra pé mo ṣì í gbọ́, pé wọ́n lè tú u sílẹ̀.”

“Kí lẹ sọ?”

“Mo ní mi ò rántí mọ́.”

“Ẹ rántí, Màámi.”

“Tí mo bá ní ohùn tìrẹ ni, èmi ni mo fọwọ́ ara mi so okùn mọ́ ọ lọ́rùn nìyẹn. Mi ò lè ṣe é. Bọ̀dé ti mọ̀ pé mi ò lè ṣe é. Òun ló ní kí n má ṣe é.”

Ó sunkún títí wọ́dà fi ní àsìkò tó. Mo padà sí yàrá mi. Bọ̀dé ló ní kó má ṣe é. Kódà ìyẹn náà, ó tún fi jù mí lọ. Mi ò lè gbà fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá owú ló ń mú mi kọ èyí tí mò ń kọ, mi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ owú ni, ẹ jẹ́ kó ṣe rere kan kó tó bá mi kú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin tí ilé ò tíì sú, mi ò ní ẹ̀kọ́ ńlá láti kọ́ yín. Bí àwo ẹnìkejì bá kún ju tìẹ lọ, wo àwo tìẹ, jẹun, kó o dìde. Bí ohun kékeré kan bá dùn mọ́ ọ nítorí pé ó dun ẹlòmíràn, sá fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí tèmi ò ju orí tẹlifóònù lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì di ọlọ́pàá, tàbí lọ́yà, tàbí adájọ́, bí wọ́n bá gbé bébà wá fún yín pé ohun tí lágbájá sọ nìyí, ẹ bèèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ bèèrè ibi tí ohùn náà ti dá. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó, ṣùgbọ́n bébà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ lè tò ó bó ṣe wù ú.

Mo ti kọ̀wé sí lọ́yà mi láàárọ̀ yìí pé kó yọ ẹjọ́ mi kúrò ní kóòtù, mi ò pe ẹjọ́ kankan mọ́. Pásítọ̀ ti mú lẹ́tà náà lọ, kò sì ṣeé gbà padà. Níbi gbogbo tí orúkọ Bọ̀dé bá ti wà nínú bébà yẹn, èmi ni. Wọ́n lè ní ẹni tó ń lọ kú lè sọ ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi nìkan kò fi ní tó.

Màámi, wọ́n á ka èyí fún yín. Kò sí ohun tí ẹ ń bò mọ́lẹ̀ fún mi mọ́, mo ti lọ. Ẹ lọ bá lọ́yà Bọ̀dé. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ẹ dá ohùn ọmọ yín mọ̀.